Dìbò kóo sebẹ̀: Èrò Gáréèjì Ìkòròdú ló ń san owó ọbẹ̀ náà padà

Kó tó di aago márùn-ún ìdájí lọ́jọ́ iṣẹ́, Gáréèjì Ìkòròdú ti máa ń kún. Òṣìṣẹ́ tó ń lọ sí Erékùṣù Èkó wà níbẹ̀, ìyá aláta tó fẹ́ tètè dé Mile 12 kí tòmátì tó dáa tó tán wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ làwọn tó ń lọ sí Ṣàgámù, Ìjẹ̀bú-Òde àti Ẹ̀pẹ́ kò gbẹ́yìn. Ohun kan náà ni gbogbo wọn máa ń kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ kọ̀ndọ́kítọ̀: "Èló ni?" Bí iye tó bá pè bá ti yàtọ̀ sí ti àná, àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kọ̀ndọ́kítọ̀ á ní epo ló wọ́n, dẹ́rẹ́bà á ní àwọn ọmọ gáréèjì ti gba owó òun tán, èrò á ní olè làwọn méjèèjì. Ẹnì kan wà tí wọn kì í dárúkọ nínú ìjà náà, ìyẹn ẹni tó náwó rẹpẹtẹ kó tó dépò, tó sì gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà tí owó náà yóò fi padà wálé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń ka ojú ìwé yìí tipẹ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọmọ, ọ̀rọ̀ ìlera àti ọ̀rọ̀ ìkòkò ọbẹ̀ la máa ń sọ níbí, a kì í sábà dá sí ọ̀rọ̀ òṣèlú. Ṣùgbọ́n òṣèlú ló wọlé tọ̀ wá wá nínú ilé ìdáná. Lọ́jọ́ kẹrìnlá oṣù keje, 2018, tí wọ́n dìbò gómìnà l'Ékìtì, gbólóhùn kan ló gba ẹnu gbogbo èèyàn kan: "Dìbò kóo sebẹ̀." Bó o bá ti tẹ̀ka, o gbowó, o kọjá sọ́jà. Ìròyìn ọjọ́ náà sọ pé ẹgbẹ̀rún mẹ́ta sí márùn-ún náírà ni wọ́n ń há fáwọn olùdìbò. Ẹ má jẹ́ ká fi àwọn ará Èkìtì ṣẹ̀sín o, kò síbi tí wọn kì í ti ṣe é nílẹ̀ yìí, àwọn ló kàn fún un lórúkọ. Bí èèyàn bá gba ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà, tó pín in sí gbogbo ọjọ́ tó wà nínú ọdún mẹ́rin tí olóṣèlú yóò fi wà lórí àga, kò tó náírà mẹ́ta àbọ̀ lójúmọ́. Èwo ni wọ́n máa ń fi náírà mẹ́ta àbọ̀ sè nínú ọbẹ̀?

Orí fọ́ọ̀mù lowó ti ń bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 2022, nígbà tí ìdìbò 2023 ń bọ̀ lọ́nà, 100 mílíọ̀nù náírà ni ẹgbẹ́ òṣèlú APC ta fọ́ọ̀mù fẹ́ni tó bá fẹ́ du ipò ààrẹ. Ti gómìnà jẹ́ 50 mílíọ̀nù, ti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà jẹ́ 20 mílíọ̀nù, ti aṣojú-ṣòfin jẹ́ 10 mílíọ̀nù, ti ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ sì jẹ́ 2 mílíọ̀nù. PDP tí kò sí lórí àlééfà lásìkò náà kò fi bẹ́ẹ̀ ṣàánú èèyàn, 40 mílíọ̀nù ni wọ́n ta ti ààrẹ, wọ́n sì ta ti gómìnà ní 21 mílíọ̀nù. Ìwé lásán là ń sọ yìí, a kò tíì dé orí pósítà, ankara, ìrẹsì àti owó àwọn tí yóò kọrin tẹ̀ lé wọn.

Lọ́dún yẹn kan náà, 30,000 náírà ni owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù. Òṣìṣẹ́ tó bá ń gba iye yẹn, tí kò jẹun, tí kò wọkọ̀, tí kò sanwó ilé, yóò ṣiṣẹ́ ọdún márùn-ún àbọ̀ kó tó lè ra fọ́ọ̀mù láti lọ ṣojú Ìkòròdú Kìíní tàbí Ìkòròdú Kejì nílé aṣòfin Èkó. Bó bá jẹ́ pé Àbújá ló fẹ́ lọ gẹ́gẹ́ bí aṣojú-ṣòfin, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún 28. Bó bá jẹ́ ti ààrẹ, ọdún 278 ni, ìyẹn ni pé kó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti nǹkan bí 1744, ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé kí àwọn Òyìnbó tó fi ìbọn lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò l'Ékòó ní 1851, tí ọba náà fi sá wá fìdí kalẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́.

Òfin tó yẹ kó dín ìnáwó kù náà, ṣe ló ń gbòòrò sí i. Òfin ìdìbò ti 2010 sọ pé ẹni tó ń du ipò ààrẹ kò gbọ́dọ̀ ná ju 1 bílíọ̀nù náírà lọ, kí ti gómìnà má sì ju 200 mílíọ̀nù lọ. Nígbà tí wọ́n máa ṣe òmíràn ní 2022, wọ́n sọ ọ́ di 5 bílíọ̀nù fún ààrẹ, 1 bílíọ̀nù fún gómìnà. Kò sí bí owó oṣù olóṣèlú ṣe lè san irú owó bẹ́ẹ̀ padà. Àwọn kan ló ń kó o sílẹ̀ fún wọn, àwọn agbaṣẹ́ṣe, àwọn oníṣòwò ńlá, àwọn tó ń kó ọjà wọlé. Ẹni tó ya àgbẹ̀ lówó kí òjò tó rọ̀, ojú oko ló ń wò.

Ọ̀rọ̀ epo ló sì dáa jù láti fi ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń kórè. Lọ́dún 2011, bílíọ̀nù 245 náírà ni ìjọba àpapọ̀ yà sọ́tọ̀ nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì fún owó ìrànwọ́ orí epo, kí lítà bẹntiróòlù kan lè wà ní 65 náírà. Nígbà tí ọdún náà parí, àkáǹtà àgbà ìjọba ní tíríọ̀nù 1.6 làwọn san, báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa, CBN, ní tíríọ̀nù 1.7 ni. Ìgbìmọ̀ táwọn aṣojú-ṣòfin gbé kalẹ̀ láti yẹ̀wé wò ní irọ́ ni, ó lé ní tíríọ̀nù 2.5. Ẹ wo bí ìyá ilé ṣe ń mọ iye tí ṣéńjì ata rẹ̀ jẹ́, tí ìjọba odindi orílẹ̀-èdè kò mọ iye tó jáde lápò rẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń gba owó náà kò tó mẹ́wàá ní 2006, ṣùgbọ́n wọ́n ti di 140 ní 2011. Ìgbìmọ̀ náà tún rí i pé láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún péré nínú oṣù kìíní 2009, wọ́n san mílíọ̀nù 999 náírà ní ìgbà 128, tẹ̀ léra wọn.

Ọdún ìdìbò ni 2011. Nínú oṣù kẹrin ọdún náà ni wọ́n dìbò tó gbé Goodluck Jonathan wọlé. Nígbà tí àjọ EFCC sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ àwọn oníṣòwò epo lọ sílé ẹjọ́ ní oṣù keje 2012, àwọn ọmọ tí baba wọn ṣe alága ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń ṣèjọba wà lára wọn. Wọ́n ní àwọn kò jẹ̀bi.

Ká má gbàgbé alága ìgbìmọ̀ tó yẹ̀wé wò náà fúnra rẹ̀, Farouk Lawan. Gbogbo ìlú ló ń yìn ín ní oṣù kẹrin 2012 tó ka àbájáde ìwádìí rẹ̀. Kò pẹ́ tí fídíò fi jáde, níbi tó ti ń gba dọ́là lọ́wọ́ Fẹ́mi Ọ̀tẹ̀dọlá, oníṣòwò epo tó jẹ́ ọmọ Ẹ̀pẹ́ níbí, tí baba rẹ̀, Michael Ọ̀tẹ̀dọlá, ṣe gómìnà Èkó ní 1992 sí 1993. Ọ̀tẹ̀dọlá ní àwọn agbófinró lòun bá lẹ̀dí àpò pọ̀ láti dẹkùn mú un. Ilé ẹjọ́ rán Lawan lẹ́wọ̀n ọdún méje ní oṣù kẹfà 2021, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dín in kù sí ọdún márùn-ún nítorí 500,000 dọ́là tó gbà, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì fọwọ́ sí i ní oṣù kìíní 2024. Ẹni tí wọ́n ní kó lọ ṣọ́ ẹran ló mú egungun lẹ́yìn ìkòkò.

Kí ọ̀rọ̀ ìwádìí yẹn tó bẹ̀rẹ̀ rárá, àwa ni wọ́n kọ́kọ́ ní ká sanwó. Lọ́jọ́ kìíní ọdún 2012, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì wà nílùú wọn fún ọdún tuntun, ìjọba yọ owó ìrànwọ́, lítà bẹntiróòlù fò láti 65 náírà sí 141. Àwọn tó wálé kò rówó ọkọ̀ padà. Láti ọjọ́ kẹsàn-án oṣù náà ni òṣìṣẹ́ ti daṣẹ́ sílẹ̀, tí èrò ya bo ọgbà Gani Fawehinmi l'Ójòtá, lójú ọ̀nà Ìkòròdú gan-an. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ni ìjọba sọ ọ́ di 97 náírà. Ẹ kíyè sí i pé kò padà sí 65.

Bẹntiróòlù làwọn ọkùnrin máa ń pariwo lé lórí, ṣùgbọ́n kẹrosíìnì ni ti àwa tá a wà nídìí ààrò. Ní oṣù kẹfà 2009, Ààrẹ Yar'Adua pàṣẹ pé kí wọ́n má san owó ìrànwọ́ lórí kẹrosíìnì mọ́, nítorí pé kò dé ọ̀dọ̀ tálákà. Síbẹ̀, iléeṣẹ́ NNPC ń bá a lọ láti máa yọ owó náà. Sanusi Lamido Sanusi, tó jẹ́ gómìnà CBN nígbà náà, ló tú u síta fáwọn aṣòfin pé nǹkan bí 40 náírà ni NNPC ń gbé lítà kan fáwọn alágbàtà, nígbà tí aráàlú ń rà á ní 170 sí 220 náírà. Ní oṣù kejì 2014 ni Jonathan ní kó lọ rọ́kún nílé. Iye tí ìjọba ní ká máa rà á ni 50 náírà. Ta ló ra kẹrosíìnì ní 50 náírà rí ní Sábó tàbí Ìta Ẹlẹ́wà? Ọ̀pọ̀ ilé ló padà sídìí èédú, igi àti ààrò onígi-rírẹ́. Èéfín yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojú tó ń ta nìkan. Àjọ ìlera àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé bíi mílíọ̀nù 3.2 èèyàn ni èéfín inú ilé pa káàkiri ayé ní 2020, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ sì wà lára wọn.

Nígbà tí ìjọba yí padà, àṣà náà kò yí. Òfin epo tuntun tí Bùhárí buwọ́ lù ní 2021 kò fàyè gba owó ìrànwọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ní oṣù kìíní 2022, nígbà tó ku ọdún kan ó lé díẹ̀ kí wọ́n dìbò, ìjọba ní àwọn sún un síwájú ní oṣù méjìdínlógún. Ẹ ka oṣù náà lórí ìka yín, ẹ ó bá ara yín ní àárín 2023, lẹ́yìn tí ìdìbò ti kọjá, tí ẹni tó ń lọ ti ń lọ. Wọ́n lọ bá àwọn aṣòfin fún tíríọ̀nù 4 náírà láti fi san án lọ́dún 2022, lásìkò tó jẹ́ pé gbèsè ni wọ́n fi ń gbé bọ́jẹ́ẹ̀tì. Lọ́jọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún 2023 tí wọ́n búra fún Bọ́lá Tinúbú, ó kéde pé owó ìrànwọ́ ti lọ. Kí ọjọ́ méjì tó pé, NNPC ti sọ lítà kan di 488 náírà l'Ékòó, láti nǹkan bí 185. Èmi ò sọ pé kí wọ́n máa san owó ìrànwọ́ tí àwọn díẹ̀ ń jẹ lọ títí ayé. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọjọ́ ìdìbò ni wọ́n fi yan ìgbà tó máa dópin, kì í ṣe ìgbà tó máa rọ ìdílé lọ́rùn.

Ẹ jẹ́ ká fi lítà epo wọn owó oṣù, kó lè yé wa. Lọ́dún 2011 tí owó oṣù tó kéré jù di 18,000 náírà, tí lítà jẹ́ 65, owó oṣù kan ra 277 lítà. Lọ́dún 2019 tó di 30,000, tí lítà jẹ́ 145, ó ra 207 lítà. Wọ́n sọ ọ́ di 70,000 ní oṣù keje 2024, ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá ọdún náà, 998 náírà ni ilé epo NNPC ń ta lítà kan l'Ékòó, owó oṣù wá di 70 lítà péré. Ẹni tó ń gbé Ìkòròdú, tó ń ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù, tàbí ẹni tó ń ti Ìmọ́tà wá ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ Odògùnyán, inú ẹsẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀ ló ti ń rí ìyàtọ̀ yìí. Ó tún ń rí i lórí ata, nítorí ọkọ̀ ló ń gbé ata. Ní oṣù kẹfà 2024, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣírò nǹkan sọ pé oúnjẹ ti fi ìdá 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún wọ́n ju ti ọdún tó ṣáájú lọ.

Ó tún ku ti owó tuntun. Lọ́jọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá 2022 ni Godwin Emefiele, gómìnà CBN, kéde pé àwọn máa pààrọ̀ 200, 500 àti 1,000 náírà. Emefiele yìí kan náà ni àwọn ẹgbẹ́ kan tó ní àgbẹ̀ làwọn ra fọ́ọ̀mù ààrẹ olówó 100 mílíọ̀nù fún ní oṣù karùn-ún ọdún náà, nígbà tó ṣì wà nípò. Nígbà tí oṣù kejì 2023 dé, owó àtijọ́ kò ṣeé ná, owó tuntun kò sí. Bùhárí bá wa sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣàn lọ́jọ́ kẹrìndínlógún pé ètò náà ti ń dín agbára owó kù nínú òṣèlú. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀. Ní gáréèjì, kọ̀ndọ́kítọ̀ kò gba trànsífà, ẹni tó fẹ́ gba 10,000 náírà nídìí POS ń san 2,000, òmíràn ń san 3,000, ẹ̀fọ́ àti tòmátì sì ń jẹrà mọ́ ìyá ọlọ́jà lọ́wọ́ nítorí kò sẹ́ni tó rí owó fi rà á. Lọ́jọ́ kejì ọ̀rọ̀ ààrẹ ni wàhálà bẹ́ sílẹ̀ ní Mile 12, Kétu àti Òjòtá. Nígbà tó di ogúnjọ́ oṣù, wọ́n ti ń sun báńkì ní Ṣàgámù, nítòsí wa níbí. Ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ká máa ná owó àtijọ́ lọ títí dé ìparí ọdún. Wọ́n ti dìbò ààrẹ kọjá nígbà náà, owó sì ṣì rin ìrìn rẹ̀ nídìí àpótí.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí gáréèjì wa. Nígbà ìpolongo, gáréèjì ni olóṣèlú ti ń rí bọ́ọ̀sì, ti ń rí èrò, ti ń rí àwọn tó lè pariwo. Àjọ INEC pàápàá máa ń bá ẹgbẹ́ onímọ́tò ṣàdéhùn láti kó nǹkan ìdìbò. Ẹni tó wúlò fún ni tó báyìí, ó ṣòro láti bá a wí lórí tíkẹ́ẹ̀tì. Ní oṣù kejì 2022 ni ìjọba Èkó ní kí awakọ̀ máa san 800 náírà lóòjọ́, ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, dípò oríṣiríṣi owó tí wọ́n ń gbà. Bí dánfó bá gbé èrò 14, tó lọ tó bọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, ó ti gbé 112 èrò nìyẹn. Bí wọ́n bá pín 800 láàárín wọn, náírà méje ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Náírà méje kò lè lé ọmọ jáde nílé ìwé. Àwọn owó tí kò ní rìsíìtì ló ń dá kún un, tí wọ́n ń gbà ní ibùdókọ̀ kan dé òmíràn. Torí ẹ̀ làwọn awakọ̀ ṣe daṣẹ́ sílẹ̀ l'Ékòó láti ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá 2022, wọ́n ní èyí tó pọ̀ nínú ohun táwọn ń pa ló ń bọ́ sọ́wọ́ agbèrò. Èyí tí awakọ̀ bá san, kì í ṣe òun ló ń san án.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 fi gáréèjì àti ọjà sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Káńsílọ̀ tó ń gbé ládùúgbò yín ni ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì kọ́kọ́ kàn, kì í ṣe ààrẹ. Ní ẹkùn Ìkòròdú, káńsù mẹ́fà ló wà: Ìkòròdú, Àríwá Ìkòròdú, Ìwọ̀-Oòrùn Ìkòròdú, Ìgbógbó-Báyékù, Ìmọ́tà àti Ìjẹ̀dẹ. Ní Ẹ̀pẹ́, mẹ́ta ni: Ẹ̀pẹ́, Ẹ̀rẹ̀dò àti Ìkòsì-Èjìnrìn. Ọjọ́ kejìlá oṣù keje 2025 ni wọ́n dìbò wọn, ẹgbẹ́ APC ló sì gba gbogbo ipò alága 57 tó wà l'Ékòó. Ẹgbẹ́ ọlọ́jà tàbí ẹgbẹ́ àdúgbò tó bá fẹ́ lọ béèrè iye tó yẹ kí awakọ̀ san, kí wọ́n kó tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ mélòó kan jọ lọ́wọ́ awakọ̀ tí wọ́n mọ̀, kí wọ́n kọ ibùdókọ̀ àti aago sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tó lọ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́ ni wọ́n ń dá lóhùn.

Nílé ńkọ́? Bí owó ọkọ̀ bá ti gòkè, ẹyin, wàrà àti ẹja ló máa ń kọ́kọ́ kúrò nínú oúnjẹ ọmọ. Lẹ́yìn náà ni ìyá á fi mágí kún ọbẹ̀ kó lè ta sánsán láìsí ẹran. Ibi tí wàhálà wà nìyẹn, nítorí iyọ̀ pọ̀ nínú mágí, iyọ̀ sì ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè. Àjọ ìlera àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má tó gíráàmù márùn-ún, bíi ṣíbí ìmutíì kan, mágí sì wà nínú ìṣirò yẹn. Edé lílọ̀, irú àti ṣáwá gbígbẹ díẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ mágí, wọ́n sì tún ń fún ara lókun. Obìnrin mẹ́rin tàbí márùn-ún lè dáwó ra àpò ẹ̀wà kan, kí wọ́n pín in, ó máa ń dín ju kí kálukú máa ra kóńgò.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti àtọ̀gbẹ ni àwọn baálé ilé tún máa ń fò, wọ́n á ní tí owó bá wọlé làwọn á rà á. Ẹ má ṣe é. Oògùn kan náà máa ń ní orúkọ ilé iṣẹ́ oríṣiríṣi, àwọn kan wọ́n gan-an, àwọn kan kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Kí ẹ tó dá a dúró, ẹ sọ fún dókítà tàbí nọ́ọ̀sì ní ọsibítù ìjọba pé owó rẹ̀ ti wọ́n jù fún yín, kí wọ́n kọ èyí tó rọjú fún yín, ẹ sì jẹ́ kí wọ́n wọn ìfúnpá yín kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.